Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn àti Àwọn Òkúta Ìdúró Ayé Àtijọ́

Àwọn ìbéèrè tó wà níbí ni àwọn èèyàn ń bi mí ní gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ òkúta Ilé-Ifẹ̀ bá ti wáyé. Mo kó wọn jọ síbi kan kí ẹni tó bá ń wá ìdáhùn lè rí i láìwá a kiri.

Kí ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn gan-an?

Òkúta akọ kan ṣoṣo ni, tí àwọn àgbà ayé àtijọ́ gbẹ́, tí wọ́n sì gbé nàró ní Mọ̀pà, ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, ìyẹn mítà 5 àti ààbọ̀. Bí ọkùnrin mẹ́ta bá gun èjìká ara wọn, ẹni òkè pátápátá lè nawọ́ kó má tíì kan ṣóńṣó rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nípọn, ó sì ń tínrín bó ṣe ń ròkè. Kò ní ojú, kò ní ọwọ́, kò jọ èèyàn. Ìṣó irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára ni ọnà rẹ̀. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ ó rí orí àwọn ìṣó náà tó ti dípẹtà, pupa rúsúrúsú lára òkúta eérú, ẹ ó sì rí ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, nítorí pé ó ti ṣubú rí, ó sì ti kán rí.

Ta ni Ọ̀rànmíyàn?

Ọmọ Odùduwà ni, jagunjagun tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Ìbíní. Ìtàn Ìbíní àti ti Ifẹ̀ pa ẹnu pọ̀ pé òun ló bí Ẹ̀wẹ́ká, ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé tó ń jọba ní Ìbíní títí di òní. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ló lọ tẹ Ọ̀yọ́ dó, tó sì jẹ Aláàfin àkọ́kọ́. Àjàká àti Ṣàngó tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n. Àwọn ará Ọ̀yọ́ a máa pè é ní Ọ̀rànyàn, ẹni kan náà ni.

Ìtàn bí wọ́n ṣe bí i ni àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù. Ògún mú obìnrin kan lẹ́rú lójú ogun, ó bá a sùn, kò sì sọ fún Odùduwà, bàbá rẹ̀, tó wá fi obìnrin náà ṣe aya. Nígbà tí obìnrin náà bímọ, apá kan ara ọmọ pupa bíi ti Odùduwà, apá kejì dúdú bíi ti Ògún. Àṣírí tú. Inú gbólóhùn «ọ̀ràn mi yàn» ni wọ́n ti fa orúkọ ọmọ náà yọ, ìyẹn ni pé ohun tí mo sọ ló rí bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ọ̀pá náà ṣe dé ibi tó wà? Kí ni ìtàn sọ?

Àwọn ará Ifẹ̀ sọ pé nígbà tí Ọ̀rànmíyàn dàgbà, ó padà wálé, ó sì wọ inú ilẹ̀ lọ. Kó tó wọlé, ó fi ọ̀rọ̀ ìpè kan sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀: bí ogun bá dé, kí wọ́n pe òun. Ogun dé, wọ́n pè é, ó jáde, ó ṣẹ́gun, ó sì padà sínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe fún ọjọ́ pípẹ́.

Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń ṣọdún, tí ẹmu ti ń pa àwọn èèyàn, àwọn kan pè é láìsí ogun, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó jáde tòun ti idà. Gbogbo ẹni tó rí ló kà sí ọ̀tá, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá wọn balẹ̀. Ẹnì kan ló kígbe pé, «Kábíyèsí, àwọn ọmọ yín lẹ ń pa yìí o!» Ó dúró, ó wo ilẹ̀, ó rí ohun tó ti ṣe. Ó ki ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ bọlẹ̀, ó búra pé òun ò ní í jáde mọ́ láé. Ọ̀pá yẹn ló di òkúta.

Èmi fẹ́ràn ìtàn yìí gidigidi, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìlú ló ń fi òkúta ṣe ìrántí ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ìtàn Ifẹ̀ fi tiwọn ṣe ìrántí àṣìṣe ìlú àti àbámọ̀ akọni.

Ṣé ibojì rẹ̀ ló wà lábẹ́ òkúta náà?

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé orí ibojì Ọ̀rànyàn ni òkúta náà dúró sí. Àwọn ará Ifẹ̀ ní tiwọn sọ pé kò kú, ó wọlẹ̀ ni.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta ko ara wọn tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ní èdè wa, ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Akọni tó bá di òrìṣà náà kì í kú, ó ń wọlẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi èdè mìíràn gbọ́ «wọlẹ̀» á ní ìsìnkú ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó gbọ́ ọ lédè Yorùbá mọ̀ pé wọ́n ń sọ pé ẹni náà ṣì wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ké pè.

Ṣé òun nìkan ni òkúta ìdúró tó wà ní Ifẹ̀?

Rárá. Igbó Ọrẹ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọdẹ ni Ọrẹ nínú ìtàn, ọ̀kan nínú àwọn tó ti wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé. Inú igbó yẹn ni wọ́n ti rí ère òkúta tí wọ́n ń pè ní Ìdènà, ìyẹn olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ga tó mítà kan, ó ká ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú ikùn, ó sì ró aṣọ. Ẹ wo orí rẹ̀: ìṣó irin tí wọ́n kàn mọ́ òkúta ni wọ́n fi ṣe irun rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà tó wà lára Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ni.

Ojúbọ Ògún Ládìn náà wà ní ààfin Ọọ̀ni. Ládìn ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà nínú ìtàn. Irin ńlá kan tó rí róbótó bí omi tó ń kán wà níbẹ̀, òkúta gbọọrọ kan tí wọ́n ní owú alágbẹ̀dẹ ni wà níbẹ̀, àti òkúta tí wọ́n gbẹ́ bí ẹja àrọ̀. Ní Òkè Mògún, níbi tí Ọọ̀ni máa ń lọ lásìkò ọdún Ọlọ́jọ́, òkúta tí wọ́n gbé nàró wà níbẹ̀ náà.

Àwọn òkúta tí wọ́n tò yí po bí òrùka ńkọ́? Ṣé wọ́n wà ní ilẹ̀ Áfíríkà?

Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gbọ́ «òkúta àtòyípo», Stonehenge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Stonehenge yẹ ní wíwò lóòótọ́: àwọn òkúta ńláńlá rẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 25, ó sì ti tó 4,500 ọdún tí wọ́n ti gbé wọn ró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìtòsí.

Ní Gáńbíà àti Sẹ̀nẹ̀gà, lẹ́bàá odò Gáńbíà, ibi tí wọ́n to òkúta sí lé ní 1,000. Àjọ UNESCO kọ mẹ́rin nínú wọn sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 2006: Wassu àti Kerbatch ní Gáńbíà, Wanar àti Sine Ngayène ní Sẹ̀nẹ̀gà. Òrùka òkúta tó wà ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 93, Sine Ngayène nìkan sì ní 52 nínú rẹ̀. Yangí ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti wa kànga nílẹ̀ wa mọ bí yangí ṣe ń ṣe: bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ilẹ̀, irin máa ń wọ̀ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn àti oòrùn bá ti fẹ́ sí i, á le gbagidi. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìgbà yẹn mọ èyí, wọ́n fi irin gé e níbi tí wọ́n ti ń wà á, wọ́n sì sọ ọ́ di òpó tó dọ́gba bíi pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Òkú ni wọ́n sin síbẹ̀. Títí di òní, àwọn tó bá ń kọjá máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ lé orí àwọn òpó náà.

Ní Nàìjíríà tiwa, ẹ lọ sí agbègbè Ikom ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Nǹkan bí 300 òkúta ló wà níbẹ̀, ní àwọn ìletò tó tó 30, lọ́dọ̀ àwọn Ejagham àti àwọn tó múlé tì wọ́n. Wọ́n gbẹ́ ojú, ẹnu, irùngbọ̀n àti ìdodo sí wọn lára, wọ́n sì to ọ̀pọ̀ nínú wọn yípo sí gbàgede abúlé, bí ẹni pé àwọn àgbà ń ṣèpàdé. Orúkọ kan tí wọ́n ń jẹ́ ni Akwanshi, tí wọ́n sábà máa ń túmọ̀ sí òkú tó wà nínú ilẹ̀. Lásìkò ọdún iṣu tuntun, àwọn ará abúlé a máa fi ọ̀dà kùn wọ́n.

Òótọ́ ni pé èèyàn ló di òkúta ní Èsìẹ́?

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ni pé àwọn àlejò kan ló dé, tí wọ́n ṣe ohun tí kò yẹ, tí wọ́n sì di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Bí ẹ bá rí àwọn ère náà, ẹ ó mọ ìdí tí ìtàn yìí fi dúró. Wọ́n lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, àwọn kan di idà mú, àwọn kan mú ohun èlò orin lọ́wọ́, irun orí wọn sì yàtọ̀ síra bíi ti èèyàn tó wà lọ́jà.

Iṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n. Òkúta rírọ̀ tó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Ìtàn ìlú fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn tó tẹ Èsìẹ́ dó bá àwọn ère náà níbẹ̀ ni. Ọdún 1933 ni ìròyìn wọn dé etí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1945. Òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà.

Ìtàn pé èèyàn di òkúta kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Rollright ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní ọba kan àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni àjẹ́ sọ di òkúta. Ní Cornwall, wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin tó jó lọ́jọ́ Ìsinmi ló di òkúta àtòyípo. Ibi tí òkúta bá ti dúró bí èèyàn, ọmọ aráyé á ṣáà bi í pé, «Kí lo ṣe?»

Ọdún mélòó ni Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ti lò?

Òkúta fúnra rẹ̀ kò ṣeé wọn ọjọ́ orí bí wọ́n ṣe ń wọn èédú tàbí egungun. Ilẹ̀ ló dá òkúta akọ, ó sì ti wà kí èèyàn tó wà. Ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á wọn èédú tí wọ́n bá rí nínú ilẹ̀ tó yí i ká, tàbí kí wọ́n fi ọnà ara rẹ̀ wé ti àwọn nǹkan tí wọ́n ti mọ ìgbà wọn.

Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n ń gbà fi í sí ìgbà tí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ gbilẹ̀, láàárín nǹkan bí 1100 sí 1400, ìgbà kan náà pẹ̀lú àwọn orí idẹ àti orí amọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó bá sọ ọdún kan pàtó fún yín, ẹ ní kó ṣàlàyé bó ṣe wọ̀n ọ́n.

Báwo ni wọ́n ṣe kan ìṣó mọ́ òkúta akọ láìsí ẹ̀rọ?

Sùúrù àti irin ni. Ìṣó kò lè wọ òkúta akọ bó ṣe ń wọ pákó. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi irin ṣóńṣó lu ihò, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n tó ki ìṣó bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti rí àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà rí, tí wọ́n ń lu irin sójú kan náà láti àárọ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí wọ́n bá ṣi ọwọ́ lù ú, òkúta lè là, kí gbogbo iṣẹ́ sì run.

Alágbẹ̀dẹ ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti yọ́ irin, kó rọ irin líle tó lè lu ihò, kó sì rọ ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ pé ọ̀pá náà, ti Ọ̀rànmíyàn ni, ti Ògún náà sì ni. Ìtàn ní ọmọ Ògún ni lápá kan, irin sì wà lára ọ̀pá rẹ̀.

Ọmọ ìjọ ni mí, tàbí Mùsùlùmí. Ṣé ó burú kí n lọ wò ó?

Wíwò yàtọ̀ sí bíbọ. Ẹ sì rántí pé òkúta ìdúró kò ṣàjèjì sí ìwé yín. Jékọ́bù gbé òkúta tó fi ṣe ìrọ̀rí nàró ní Bẹ́tẹ́lì, ó sì da òróró sí i lórí. Jóṣúà to òkúta 12 sí Gílígálì. Sámúẹ́lì gbé òkúta kan kalẹ̀, ó pè é ní Ebenésérì, ó ní, «Títí dé ìhín ni Olúwa ràn wá lọ́wọ́.» Mélòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa ni kò jẹ́ Ebenezer?

Àwọn tó bá lọ sí Mẹ́kà náà ń rí òkúta dúdú tó wà lára Kábà. Ọ̀rọ̀ tí Umar, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, sọ nígbà tó fẹnu kò ó gbajúmọ̀: ó mọ̀ pé òkúta lásán ni, tí kò lè ṣoore tí kò sì lè ṣèpalára, bí kì í bá ṣe pé òun rí Ànábì tó fẹnu kò ó, òun ì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lóye gbólóhùn yẹn á lè dúró níwájú Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn láìbẹ̀rù, láìsì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí mo bá dé ibẹ̀, kí ni mo gbọ́dọ̀ yẹra fún?

Ẹ kí àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ má gùn ún, ẹ má fi ẹ̀yìn tì í, ẹ má fọwọ́ yí ìṣó kankan wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ orúkọ sí i. Ó máa ń dùn mí dé egungun bí mo bá rí ibi tí wọ́n ti fi ẹfun tàbí irin kọ orúkọ olólùfẹ́ sára òkúta àwọn baba wa. Lábẹ́ òfin ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nílùú láìgba ìwé àṣẹ.

Kí ló pa òkúta yìí pọ̀ mọ́ yangí Èṣù, ẹdùn àrá àti ọta, ìyẹn òkúta òrìṣà, tí wọ́n ní ní Bràsíl àti Kúbà?

Ìgbàgbọ́ kan náà ló wà nídìí wọn, pé òkúta lè gba agbára ẹni tí a kò rí mọ́, kó sì dúró fún un. Èṣù ń jókòó sínú yangí tí wọ́n ń da epo lé. Ẹdùn àrá, tí àwọn àgbẹ̀ máa ń rí lóko lẹ́yìn òjò ńlá, orí àáké òkúta ayé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ pé Ṣàngó ló jù ú láti òkè, wọ́n sì ń gbé e sínú ọpọ́n ojúbọ rẹ̀. Ṣàngó yìí, ẹ rántí, ọmọ Ọ̀rànmíyàn ni.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun kò lè gbé òkúta ẹsẹ̀ bàtà 18 lọ. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé lọ. Ní Bràsíl, otá ni wọ́n ń pe òkúta òrìṣà títí di òní. Ní Kúbà, otán ni. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi ewé tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń pa á mọ́ sínú ìkòkò tàbí àwo. Òkúta tó ń dá dúró ní gbangba nílé ti di èyí tó ń gbé inú ìkòkò lọ́hùn-ún, orúkọ rẹ̀ kò sì parẹ́.

Ṣé lóòótọ́ ni pé lẹ́tà Hébérù ló wà lára rẹ̀, tàbí pé àwọn àjèjì ló gbé e wá?

Johnson rò pé lẹ́tà Hébérù méjì ni àwọn ìlà ìṣó náà, pé inú orúkọ Ọ̀rànyàn ni wọ́n ti wá. Leo Frobenius, ará Jámánì tó wá sí Ifẹ̀ ní 1910, sọ pé iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Atlantis wá, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì. Lónìí, Íjíbítì ni àwọn èèyàn ń sọ jù.

Mo bọ̀wọ̀ fún Johnson púpọ̀, nítorí pé òun ló jókòó tó ka ìṣó náà. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ó yẹ ká máa fi ọ̀nà jíjìn wá oníṣẹ́ tó wà nílé. Òkúta akọ pọ̀ ní Ifẹ̀. Ìdàrọ́ tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin wà nínú ilẹ̀ wa. Ìdènà tí wọ́n rí ní Igbó Ọrẹ fi hàn pé àwọn oníṣẹ́ Ifẹ̀ mọ bí a ṣe ń kan ìṣó mọ́ òkúta, ojú Ìdènà sì nìyẹn, èèyàn ibí ni. Kí ló kù tí àjèjì fẹ́ bá wọn ṣe?

Kí ni ìtumọ̀ iye ìṣó náà?

Ìlà mẹ́ta ni ìṣó náà tò sí, bí fọ́ọ̀kì oníka mẹ́ta. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ṣe kà á, 61 wà ní ìlà àárín, 31 wà ní ìlà ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 123. Ìtumọ̀ tó fún un ni pé ọdún 61 ni Ọ̀rànyàn lò láyé, pé ó jẹ́ ẹni ọdún 31 nígbà tó gorí oyè, ó sì lo ọdún 31 lórí rẹ̀.

Ẹni tó bá yára ṣírò á ní kò bára mu: 31 àti 31 jẹ́ 62. Johnson dáhùn pé ọdún tó gorí oyè ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì, bí Yorùbá ṣe ń kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà ọrún-ún ọrún ṣe jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọjọ́ ọjà náà la sì ń kà á dé, ó di márùn-ún. Ọjọ́ mẹ́jọ la ń pè ní ìsán, mẹ́rìndínlógún la ń pè ní ìtàdógún. Bóyá ọjọ́ orí ọba ni ìṣó náà ń kà tàbí nǹkan mìíràn, ìṣirò yẹn gan-an, ìṣirò ìyá ọlọ́jà ni, tí ẹ ṣì lè gbọ́ lọ́jà èyíkéyìí tí wọ́n ń ná lọ́rún-ún ọrún.